Kí ojú ka ìwé kí ìka tó tẹ̀ ẹ́

Ohun méjì ni ilẹ̀ ń fún àwọn ará Plateau, ní ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Ọ̀kan wà lókè ilẹ̀, èkejì wà nísàlẹ̀. Ohun tó wà lókè ni àgbàdo, gbágùúdá, ẹ̀wà àti ọ̀pẹ. Láti ọdún 1922 ni ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ ti wà ní Pobè, irúgbìn tí wọ́n ṣà níbẹ̀ sì ti di igi eléso ní oko púpọ̀. Ohun tó wà nísàlẹ̀ ni òkúta ẹfun, amọ̀, iyanrìn àti yangí. Òkè ni àgbẹ̀ ń wò, ìsàlẹ̀ ni oníṣẹ́ ìwakùsà ń wò, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì dúró lé. Bí wọn kò bá bá ara wọn sọ̀rọ̀ dáadáa, ẹni tí agbára rẹ̀ kéré ni yóò pàdánù.

Òkúta tí kò mọ ààlà

Àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ sọ pé òkun ló bo apá ibí yìí ní ìgbà láéláé, ó ti lé ní 50 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Ìkarahun àwọn ẹ̀dá inú omi kó jọ sí ìsàlẹ̀ òkun náà, ó sì di òkúta ẹfun. Òkúta yìí kò mọ ààlà orílẹ̀-èdè. Ó wà ní Tabligbo ní ilẹ̀ Tógò, ó wà ní Onigbolo ní ìjọba ìbílẹ̀ Pobè, ó sì tún wà ní Ibese àti Ewékoro ní ìpínlẹ̀ Ògùn ní Nàìjíríà. Níbi gbogbo tí ó wà, ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì ti wá a dé ibẹ̀. Ti Ewékoro bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1960, ti Ibese sì ṣí ní ọdún 2012.

Ní ọdún 1975 ni ìjọba ilẹ̀ yìí àti ìjọba Nàìjíríà pawọ́ pọ̀ dá ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì Onigbolo sílẹ̀. Ọdún 1982 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n kọ́ ọ kí ó lè máa ṣe 500.000 tọ́ọ̀nù sìmẹ́ńtì lọ́dún kan. Ní àwọn ọdún tó tẹ̀lé 2010, ilé-iṣẹ́ mìíràn, NOCIBÉ, tún dìde ní Massè, ní ìjọba ìbílẹ̀ Adja-Ouèrè tí kò jìnnà sí Pobè.

Ó dára kí ará ìlú mọ bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ. Wọ́n a fi ẹ̀tù fọ́ òkúta ẹfun, wọ́n a kó o lọ sí ibi ẹ̀rọ, wọ́n a sì pò ó mọ́ amọ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n a sun ún nínú ẹ̀rọ gbọọrọ kan tó ń yí, tí ooru inú rẹ̀ tó ìwọ̀n 1450. Ohun tó jáde a máa le bí òkúta wẹ́wẹ́. Wọ́n a lọ̀ ọ́ lúbúlúbú kí ó tó di sìmẹ́ńtì. Kí tọ́ọ̀nù kan òkúta sísun yìí tó jáde, bíi tọ́ọ̀nù kan àti ààbọ̀ òkúta àti amọ̀ ni yóò ti wọ inú iná. Nítorí náà, ní ọjọ́ gbogbo tí ilé-iṣẹ́ bá ń ṣiṣẹ́, ihò ń gbòòrò sí i, ilẹ̀ oko sì ń dín kù.

Kò sí ẹni tó lè sọ pé sìmẹ́ńtì kò wúlò. Òun ni a fi kọ́ ilé-ẹ̀kọ́, ilé ìwòsàn, afárá àti ògiri kànga. Àwọn ọ̀dọ́ rí iṣẹ́ nínú rẹ̀, ìjọba sì ń gba owó orí. Ṣùgbọ́n àǹfààní yìí ń rìn jìnnà, ó ń dé Àjàṣẹ́, ó ń dé Kutọnu. Eruku, ariwo ẹ̀tù, ògiri tó là àti oko tó lọ kò rìn jìnnà bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń gbé nítòsí ni wọ́n ń dúró sí. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí ohùn àwọn tó wà nítòsí kọ́kọ́ dún.

Àlejò àti ìṣákọ́lẹ̀

Yorùbá kò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ bí a ti ń fi ilẹ̀ fún àlejò. Láyé àwọn baba, àlejò tó bá fẹ́ dáko a wá bá olórí ẹbí. Wọ́n a mú un lọ sí oko, wọ́n a sì fi ààlà hàn án níwájú ẹlẹ́rìí. Wọ́n a sọ ohun tó lè gbìn fún un. Kò gbọdọ̀ gbin ọ̀pẹ tàbí obì, nítorí igi tó bá pẹ́ lórí ilẹ̀ a máa dá ìjà sílẹ̀ lẹ́yìn ọ̀la. Lọ́dọọdún ni yóò san ìṣákọ́lẹ̀. Ní ọjọ́ tó bá ń lọ, ilẹ̀ a padà sọ́dọ̀ olúwa rẹ̀, a sì tún hu àgbàdo. Ohun mẹ́rin ló wà nínú àdéhùn náà: ààlà, ẹlẹ́rìí, owó, àti bí ilẹ̀ yóò ṣe padà.

Ilé-iṣẹ́ ìwakùsà jẹ́ àlejò bí ti àtijọ́, bí ó tilẹ̀ ní ìwé àṣẹ ìjọba lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ó yàtọ̀ sí àgbẹ̀ àlejò ní ohun kan: ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ó ń kó lọ. Bí àwọn baba bá gba àdéhùn ohun mẹ́rin lọ́wọ́ ẹni tó kàn fẹ́ gbin ẹ̀wà, kí ni kí a gbà lọ́wọ́ ẹni tí yóò gbẹ́ ilẹ̀ títí yóò fi jìn ju kànga lọ?

Ohun tí òfin sọ

Òfin ìwakùsà Bẹ̀nẹ̀, tí a ṣe ní ọjọ́ 17 oṣù kẹwàá ọdún 2006, sọ pé ohun àlùmọ́ọ́nì abẹ́ ilẹ̀ jẹ́ ti orílẹ̀-èdè. Ẹni tó ni oko kò torí rẹ̀ ni òkúta tó wà lábẹ́ oko náà. Ó yẹ kí gbogbo ènìyàn mọ èyí, kí ẹnikẹ́ni má baà fi ẹ̀tàn gba owó lọ́wọ́ wọn.

Ṣùgbọ́n oko tó wà lókè, ilé, igi àti kànga ní olúwa wọn. Òfin tó ga jù lọ ní orílẹ̀-èdè yìí, òfin ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1990, sọ ọ́ ní abala 22 pé a kò gbọdọ̀ gba ohun ìní ẹnikẹ́ni àfi fún àǹfààní gbogbo ìlú, àti pé kí a ti san owó gbà-má-bìínú tó tọ́ kí a tó gbà á. Ọ̀rọ̀ méjì ló ṣe pàtàkì níbẹ̀. Èkíní ni pé kí owó náà tọ́. Èkejì ni pé kí ó ṣáájú. Abala 27 sọ pé gbogbo ènìyàn ló ní ẹ̀tọ́ sí àyíká tó mọ́, tó sì dára fún ìlera, ojúṣe gbogbo ènìyàn sì ni láti dáàbò bò ó.

Òfin àyíká ti ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1999 sọ pé kí a ṣe ìwádìí nípa ohun tí iṣẹ́ ńlá yóò ṣe sí àyíká kí a tó fún iṣẹ́ náà ní àṣẹ. Ilé-iṣẹ́ ìjọba tí a ń pè ní ABE ló ń bójú tó ìwádìí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2001, ìjọba tún ṣe òfin lórí bí a ó ṣe pe ìpàdé gbangba, níbi tí ará ìlú yóò ti sọ èrò ọkàn wọn. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2009, àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tó wà nínú ẹgbẹ́ CEDEAO fi ẹnu kò lórí ìlànà ìwakùsà kan. Ìlànà náà ní kí ilé-iṣẹ́ gba ìyọ̀ǹda àwọn ará ìlú. Ìyọ̀ǹda náà gbọ́dọ̀ ní àmì mẹ́ta: kí a má fi ipá gbà á, kí ó ṣáájú iṣẹ́, kí ẹni tó fún ni sì lóye ohun tó fún ni.

Àmì kẹta yìí ló le jù. Ènìyàn lè rí i pé wọn kò fi ipá mú òun. Ó lè rí i pé iṣẹ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n báwo ni yóò ṣe lóye ìwé tí a kọ ní èdè tí kò lè kà?

Ìwé tí kò dé ọwọ́ olúwa rẹ̀

Èdè Faransé ni a fi ń kọ ìwé àṣẹ. Èdè Faransé ni a fi ń kọ ìwé ìwádìí àyíká àti ìwé owó gbà-má-bìínú. Ìwé wọ̀nyí a máa nípọn, ọ̀rọ̀ inú wọn a sì máa le. Nígbà tí ìpàdé bá dé, ẹnu ni a fi ń túmọ̀ wọn fún ará abúlé. Ohun tí ó gba ojú ìwé púpọ̀ a di ọ̀rọ̀ wákàtí méjì. Ẹni tó ń túmọ̀ a mú èyí tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn, a sì fo èyí tó le. Kò dìgbà tó bá ní èrò búburú kí èyí tó ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a ó gbé páádì ìtẹ̀ka jáde. Ọjọ́ tí ìjà bá dé, ìwé ni adájọ́ yóò bi wọ́n, kò ní béèrè ohun tí ẹnu túmọ̀.

Nítorí náà, ohun kan ni ó yẹ kí àwọn ará Pobè, Sakété àti gbogbo Plateau béèrè ṣáájú ohun gbogbo. Kí ìwé èyíkéyìí tó bá kan ilẹ̀ wọn wà ní èdè Yorùbá pẹ̀lú, kí ó sì dé abúlé ní ó kéré tán oṣù kan kí ọjọ́ ìfọwọ́sí tó pé. Èyí kò ta ko òfin. Abala 11 nínú òfin ọdún 1990 sọ pé gbogbo ẹ̀yà tó wà ní Bẹ̀nẹ̀ ló ní òmìnira láti lo èdè wọn, yálà ní ẹnu tàbí ní kíkọ. Ó sì sọ pé kí ìjọba mú ìdàgbàsókè bá àwọn èdè náà. Bí ìwé ilẹ̀ kò bá sí lára ohun tí a lè fi èdè abínibí kọ, a jẹ́ pé ìlérí abala náà kò tíì dé oko.

Àwọn kan yóò sọ pé ìtúmọ̀ yóò náni lówó, yóò sì fa iṣẹ́ sẹ́yìn. Òótọ́ ni pé owó ni. Ṣùgbọ́n ibi tí a ti ń wa òkúta fún ọgbọ̀n ọdún, kí ni oṣù kan jẹ́ níbẹ̀? Ìjà, ọ̀nà tí ará ìlú dí pa àti ẹjọ́ ilé-ẹjọ́ gbówó lórí ju ìtúmọ̀ lọ. Àwọn àgbà sọ pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí, níbi tí Onigbolo wà, mọ ìtumọ̀ òwe yìí. Ní ọdún 1914 àti 1915, àwọn Ọ̀họ̀rí dìde ogun sí àwọn Faransé tó ń fi agbára pàṣẹ fún wọn.

Àwọn mìíràn yóò sọ pé èdè Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ fún irú nǹkan wọ̀nyí. Ó ní. Owó tí a san fún ohun tó bàjẹ́ ni gbà-má-bìínú. Owó tí a san lọ́dọọdún lórí ilẹ̀ ni ìṣákọ́lẹ̀. Ààlà, ẹlẹ́rìí, àdéhùn, ìyọ̀ǹda, gbogbo wọn ti wà lẹ́nu àwọn baba kí ìwé tó dé. Ọ̀rọ̀ tó bá ṣòro, a lè fi gbólóhùn méjì ṣàlàyé rẹ̀.

Àwọn kan yóò tún ní olórí abúlé ti gbọ́, ó tó. Olórí abúlé ní ọlá tirẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan ló ń mu omi kànga. Àwọn obìnrin ló ń pọnmi, àwọn ló ń ṣa ẹyìn, àwọn ló ń gba eruku sára nígbà tí wọ́n bá sá ẹ̀lùbọ́ sóòrùn. Obìnrin tó bá ti mọ̀wé kà ní ilé ẹ̀kọ́ àgbà lè jókòó ti ìwé náà nílé ara rẹ̀, kí ó sì rí ohun tí kò sí ẹni tó bá a sọ níbi ìpàdé.

Ohun márùn-ún tí ó yẹ kí ìwé náà sọ

Ohun àkọ́kọ́ ni ààlà àti iye ọdún. Kí ìwé náà sọ ibi tí ihò yóò dé, kí ó sì sọ ọdún tí iṣẹ́ yóò parí. Kí a fi àmì sí ààlà náà lójú oko, kì í ṣe lórí àwòrán nìkan. Òfin ilẹ̀ ọdún 2013 fi àyè sílẹ̀ fún ìgbìmọ̀ ilẹ̀ ní abúlé kọ̀ọ̀kan. Ìgbìmọ̀ yẹn ló yẹ kí ó jẹ́ ẹlẹ́rìí.

Èkejì ni owó gbà-má-bìínú. Àgbàdo jẹ́ ti oṣù díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pẹ kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pẹ tuntun a bẹ̀rẹ̀ sí í so ní ọdún kẹta tàbí ìkẹrin, a sì máa so tó ọdún 25. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kan fún àpẹẹrẹ. Ká ní ọ̀pẹ kan ń mú 2.000 fránkì wá fún àgbẹ̀ lọ́dún, tí ó sì ṣẹ́ ku ọdún 15 tí yóò fi so. Ọ̀pẹ kan náà tó 30.000 fránkì. Bí àgbẹ̀ bá ní ogójì ọ̀pẹ, ó di 1.200.000 fránkì. Bí a bá san owó ọdún kan péré fún un, 80.000 fránkì ni yóò gbà. Ẹni tó mọ ìṣirò yìí yóò mọ ohun tó yẹ kí ó bi wọ́n. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò dúpẹ́, yóò sì lọ sílé.

Ẹ̀kẹta ni omi, eruku àti ẹ̀tù. Kí ìwé náà sọ wákàtí tí wọn yóò máa fọ́ òkúta, àti bí wọn yóò ṣe kìlọ̀ fún ará abúlé. Kí ó sọ ẹni tí yóò tún ògiri tó bá là ṣe. Níbí yìí, ìwé kíkọ ará abúlé fúnra wọn yóò wúlò púpọ̀. Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n fi okùn wọn bí omi kànga kọ̀ọ̀kan ṣe jìn tó, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti oṣù. Kí wọ́n máa ṣe bẹ́ẹ̀ ní gbogbo oṣù, pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kí wọ́n ya àwòrán ògiri ilé kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀. Bí kànga bá gbẹ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ìwé kékeré yẹn ni yóò sọ̀rọ̀ níwájú àwọn aláṣẹ. Láìsí i, ilé-iṣẹ́ yóò sọ tirẹ̀, ará abúlé yóò sọ tirẹ̀, ọ̀rọ̀ kò sì ní lójútùú.

Ẹ̀kẹrin ni iṣẹ́ àti àǹfààní. Òfin ìwakùsà Nàìjíríà ti ọdún 2007, ní abala 116, fi dandan lé e pé kí ilé-iṣẹ́ àti ará ìlú jọ kọ ìwé àdéhùn ìdàgbàsókè kí ìwakùsà tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, ìgbanisíṣẹ́, ọ̀nà, ìtọ́jú ìlera àti ìrànwọ́ fún oníṣòwò kékeré lè wà nínú rẹ̀. Ní ọdún márùn-márùn-ún ni a ó sì máa tún un yẹ̀ wò. Kò túmọ̀ sí pé gbogbo nǹkan ti dára níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé tí a ń tún yẹ̀ wò sàn ju ìlérí ẹnu tí afẹ́fẹ́ gbé lọ.

Ẹ̀karùn-ún ni bí ilẹ̀ yóò ṣe padà. Èyí ni a sábà máa ń gbàgbé, nítorí ọjọ́ náà jìnnà. Ní ilẹ̀ Tógò, ní Hahotoé àti Kpogamé, wọ́n ti ń wa fosfáàtì, òkúta tí a fi ń ṣe ajílẹ̀, láti nǹkan bí ọdún 1961. Ibi tí wọ́n wà kọjá di ihò àti òkìtì, àwọn abúlé sì ti ṣí kúrò ní àyè wọn. Ajílẹ̀ lọ sọ oko àwọn ẹlòmíràn di ọlọ́ràá, oko àwọn tó ni ibẹ̀ sì di ihò.

Ọ̀nà mìíràn wà. Ní Bamburi, lẹ́bàá ìlú Mombasa ní Kẹ́ńyà, ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì kan ti ń wa òkúta láti ọdún 1954. Ní ọdún 1971, ọ̀gbẹ́ni René Haller bẹ̀rẹ̀ sí í gbin igi sínú ihò tó ti di aṣálẹ̀. Ọ̀pọ̀ igi kú. Igi filao, irú èyí tó wà ní etí òkun Bẹ̀nẹ̀, ló là á já dáadáa. Ṣùgbọ́n ewé rẹ̀ kò tètè jẹrà. Wọ́n kó ọ̀kùn wá láti jẹ ewé náà, ìgbẹ́ ọ̀kùn sì di ilẹ̀ tuntun. Lẹ́yìn náà ni igi mìíràn hù, wọ́n gbẹ́ adágún ẹja, ẹranko sì dé. Lónìí, àwọn ènìyàn ń sanwó kí wọ́n tó wọ ibẹ̀ lọ wòran. Bí ọ̀kùn bá lè sọ ihò òkúta di ọgbà, ilé-iṣẹ́ tó ní ẹ̀rọ ńlá kò ní àwáwí. Kí wọ́n ṣe ìpamọ́ ilẹ̀ dúdú òkè lọ́tọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń gbẹ́, kí wọ́n lè dá a padà. Kí owó àtúnṣe wà nílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ó má jẹ́ ọjọ́ tí àpò gbẹ ni a ó tó máa wá a.

Ihò kékeré ti Sakété

Ẹnìkan ní Sakété lè sọ pé ọ̀rọ̀ Onigbolo ni gbogbo èyí, kò kan òun. Ó kàn án. Iyanrìn tí a fi ń kọ́lé àti yangí tí a fi ń tẹ́ ọ̀nà, ilẹ̀ ni a ti ń wà wọ́n. Níhìn-ín, ẹni tó ni ilẹ̀ gan-an ni ó sábà máa ń tà á. Ọkọ̀ akẹ́rù a dé, a gbé e, owó a wọ àpò lójú ẹsẹ̀. Ọkọ̀ náà lọ, ihò sì kù. Nígbà òjò, omi a kún inú rẹ̀, ẹ̀fọn a pọ̀, ọmọdé a sì lè kó sínú rẹ̀. Àgbàdo kò ní hù níbẹ̀ mọ́, ilé kò sì ní ṣeé kọ́ sí i.

A kò lè dá ilé-iṣẹ́ ńlá lẹ́bi nítorí irú ihò yìí. Baba tó ta ilẹ̀ ní ọkọ̀-ọkọ̀ ti ná ogún ọmọ rẹ̀ kí ọmọ náà tó dàgbà. Nítorí náà, ohun tí a bá béèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ni kí a béèrè lọ́wọ́ ara wa pẹ̀lú. Ìjọba ìbílẹ̀ Sakété àti ti Pobè lè bá àwọn olórí abúlé kọ ìlànà sílẹ̀ ní èdè Yorùbá, kí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ilé ìpàdé abúlé kọ̀ọ̀kan. Kí ó sọ bí ihò ṣe gbọ́dọ̀ jìnnà sí ilé àti ọ̀nà. Kí ó sọ ẹni tí yóò dí i. Kí ó sọ iye tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan yóò san sí àpò ìlú, kí ẹnikẹ́ni tó bá mọ̀wé kà lè rí ohun tó wọlé àti ohun tó jáde.

Ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá dákẹ́

Ó tún yẹ kí a rántí pé ilé-iṣẹ́ lè dúró kí òkúta tó tán. Ní Tabligbo, orílẹ̀-èdè mẹ́ta, Tógò, Gánà àti Côte d'Ivoire, pawọ́ pọ̀ dá ilé-iṣẹ́ CIMAO sílẹ̀. Òkúta pọ̀ níbẹ̀, síbẹ̀ ilé-iṣẹ́ náà ti ìlẹ̀kùn ní ọdún 1984, lẹ́yìn ọdún díẹ̀ péré. Ní ọdún yẹn kan náà, ní oṣù kẹrin, Nàìjíríà ti ẹnu ààlà rẹ̀, kò sì ṣí i títí di ọdún 1986. Ó tún tì í ní oṣù kẹjọ ọdún 2019 títí di oṣù kejìlá ọdún 2020. Kò sí oníṣòwò kan ní Sakété tàbí Pobè tí a óò ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ohun tí ẹnu ààlà títì ń ṣe fún. Ìlú tó bá fi gbogbo ìrètí lé ẹ̀rọ kan ṣoṣo, ebi ni yóò pa á ní ọjọ́ tí ẹ̀rọ náà bá dákẹ́. Kí owó tó bá ti inú òkúta wá di ohun tí yóò pẹ́ ju òkúta lọ: ilé-ẹ̀kọ́, omi tó mọ́, oko ọ̀pẹ tuntun, iṣẹ́ ọwọ́ fún ọ̀dọ́.

Èyí kò ní kí a lé oníṣẹ́ ìwakùsà lọ. Orílẹ̀-èdè nílò sìmẹ́ńtì, ìlú sì nílò iṣẹ́. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé àdéhùn gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ẹni méjì tí ó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Kí ìjọba fi dandan lé ìtúmọ̀ ìwé sí èdè abínibí. Kí àwọn ilé-iṣẹ́ ṣe é láìdúró de òfin, nítorí yóò ṣe wọ́n láǹfààní. Kí àwọn olùkọ́ ẹ̀kọ́ àgbà mú ìwé ilẹ̀ àti ìwé àdéhùn wọ inú ẹ̀kọ́ kíkà, kí akẹ́kọ̀ọ́ má baà mọ orúkọ ewúrẹ́ àti àgùntàn nìkan ní kíkà.

Ní ti àwọn àgbàlagbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé kà ní Pobè àti Sakété, ohun tí wọ́n kọ́ kì í ṣe ohun kékeré. Ní àná, ẹni tó bá gbé ìwé wá lè sọ ohun tó wù ú pé ó wà nínú rẹ̀. Lónìí, wọ́n lè sọ fún un pé: fi ìwé náà sílẹ̀, kọ ọ́ ní èdè wa, a óò kà á, a óò sì fún ọ lésì ní oṣù tó ń bọ̀. Ẹni tó bá ní ọkàn rere kò ní bínú sí èsì bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá bínú sí i, ó yẹ kí a tún ìwé rẹ̀ kà lẹ́ẹ̀kejì.